Hóòmù Kan

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Adúmáadán mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gé ẹ létí? Èmi wà. Mi ò kú, mi ò sì gbádùn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ yìí, tó o bá sọ ọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní irọ́ ni bàbá ẹ ń pa. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Èmi tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an, mò ń ṣiyèméjì.

O rántí ilẹ̀kùn irin tí mo ṣe sí ilé ìwẹ̀, lẹ́yìn tí olè kan wọlé kó aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀ níbi tí mo ti ń wẹ̀? Mo jó ọ̀pá ìdábùú mọ́ ọn nínú. Mo ní olè tó bá lè ṣí èyí, kó mú èmi náà dání. Ó dáa. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọṣẹ bò mí lójú, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo lọ nílẹ̀ gbìì. Ìbàdí ọ̀tún ò jẹ́ kí n dìde. Ọ̀pá wà lókè, èmi wà nílẹ̀. Mo pariwo. Gbogbo ará ilé dé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbá a nípàá, wọ́n fi èjìká sọ ọ́, ilẹ̀kùn ò mira. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ni ẹnì kan bá ní, "Ẹ sáré lọ pe wẹ́dà wá!" Wẹ́dà kan ṣoṣo tó wà ní àdúgbò yìí ló sì wà nílẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, níhòòhò goloto.

Ìyá Télọ̀ ló gbà mí, obìnrin aránṣọ tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi. O mọ ẹnu ẹ̀. Ẹnu yẹn kì í sinmi, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ náà kì í sinmi. Mo ń kígbe láti inú pé kó mú ayùn irin wá lábẹ́ ibùsùn mi, kó dì í mú báyìí, kó má tẹ̀ ẹ́ jù. Ó ní, "Bàbá Wẹ́dà, ẹ jẹ́ n gbọ́ ara mi! Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ti ara yín mọ́lé bíi góòlù?" Ó ti ayùn bọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́ ọ̀pá náà bí ẹni ń gé aṣọ tó yi. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó kọ́kọ́ ju aṣọ kan sí mi láti ojú fèrèsé. Ó ní òun ò fẹ́ rí ohun tóun ò béèrè.

Igi ni mo fi ń rìn báyìí. Àmọ́ ẹ̀rín tán. Ìyá ẹ ti lọ, ìwọ nìkan lo kù fún mi. Mi ò fẹ́ kú sínú ọṣẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?

Kí n má gbàgbé. O ní àwọn arúgbó lò ń wẹ̀ fún lọ́hùn-ún, pé o sì tún ń kọ nọ́ńbà sí ọrùn aṣọ wọn kí ti ẹnì kan má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì níbi ìfọṣọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àgbàlagbà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lọ́rùn bí àpò sìmẹ́ńtì! Àwọn yẹn ò bímọ ni?

Èmi ni,
Bàbá ẹ, wẹ́dà tí télọ̀ gbà sílẹ̀


Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ewu. Ṣé ìbàdí yẹn ti fúyẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Télọ̀ gidigidi.

Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nínú lẹ́tà yín títí mo fi dé ibi tẹ́ ẹ ti ní ẹ ò fẹ́ kú sínú ọṣẹ. Ibẹ̀ lẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Tí Ìyá Télọ̀ bá ti lọ sọ́jà lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Bàbá, láràárọ̀ ni mò ń gbé bàbá ẹni ẹlẹ́ni dìde nílẹ̀. Ọwọ́ mi mọ bí wọ́n ṣe máa ń wúwo. Ọwọ́ yìí kan náà ò lè dé ọ̀dọ̀ yín.

Mi ò lè wálé. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, tí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Mi ò sì lè mú yín wá síbí. Ẹ má bi mí ní ìdí ẹ̀, ó ti sú mi láti máa sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti rí hóòmù kan fún yín. Ó wà ní òdìkejì ìlú, lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá. Ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú, kò ní àtẹ̀gùn. Omi ń yọ dáadáa. Àwọn tó ń se oúnjẹ wà, àwọn tó ń fọṣọ wà, òdòdó wà níwájú ẹ̀. Mo ti san ohun tí wọ́n ní kí n san, orúkọ yín ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Ẹ má bínú pé òyìnbó ni mo fi pè é. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó máa rọ̀ létí, mi ò rí.

Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Adúmáadán, ọmọ tó wẹ ojú bàbá ẹ̀ mọ́,

Onílé ló ń kọ̀wé sí ẹ o! Wo bí lẹ́tà mi ṣe ń wọ́. Kì í ṣe ìbàdí, ayọ̀ ni.

Nígbà tí mo ka "hóòmù", mi ò kọ́kọ́ fẹ́ yọ̀ lásán. O mọ̀ pé Yorùbá nìkan ni mo lè kà, ìyẹn gan-an, kíláàsì àwọn àgbà ni mo ti rí i kọ́. Mo gun òkè lọ bá Tíṣà, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní gẹ̀ẹ́sì. Mi ò fi lẹ́tà hàn án, torí ọ̀rọ̀ ilé tuntun, èèyàn kì í dédé tú u síta. Mo kàn ní, "Tíṣà, kí ló ń jẹ́ hóòmù?"

Ó bọ́ ìgò ojú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ méjì fún ilé. Háòsì ni búlọ́ọ̀kù àti páànù. Hóòmù ni ibi tí àwọn èèyàn ẹni wà, tí ọkàn ẹni ti ń balẹ̀. Èèyàn lè ní háòsì rẹpẹtẹ kó má ní hóòmù."

Mo ní, "Àwa ńkọ́?"

Ó ní, "Àwa ń pe méjèèjì ní ilé."

Mo ní kò burú, àwa ò mọ̀ pé wọ́n lè kọ ara wọn sílẹ̀ ni.

Ṣó o rí i, háòsì kọ́ lo rà fún mi. Hóòmù lo rà! Ìyẹn ni pé tí ìwé ẹ bá ti jáde, ìwọ náà ń bọ̀ wá gbé ibẹ̀. O tún ní orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ ta ló ń kọ orúkọ bàbá ẹ̀ sílé láyé tá a wà yìí? Ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa ń bá bàbá ẹ̀ rojọ́ ní kóòtù lórí ilé tí bàbá náà ṣì ń gbé inú ẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè. Yàrá ẹ dà nínú wọn? Kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ o, láti kékeré lo ti fẹ́ràn kí oòrùn jí ẹ. Géètì ńkọ́? Má jẹ́ kí jáńdùkú kankan jó géètì sí i, èmi ni màá jó o. Pálọ̀ la máa gbé àwòrán ìyá ẹ kọ́, nínú férémù irin tí mo ṣe fún un. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, pákó ni o. Mo ti kọ́gbọ́n.

Mo sọ fún Ìyá Télọ̀. Dípò kó bá mi jó, ó ní, "Ilé tẹ́ ẹ ò tíì rí, ẹ má tíì gbálẹ̀ ẹ̀." Ìlara ni. Màá fún un ní ẹnu ọ̀nà kan kó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, á dákẹ́.

Èmi ni,
Onílé


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Adúmáadán,

Ṣé o wà láyé? Ṣé wọ́n gba bírò lọ́wọ́ ẹ ni? Gbogbo ìgbà tí alùpùpù apínlẹ́tà bá ti dún, mo ti dé géètì pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ti ń sá fún mi báyìí. Ó rò pé mo fẹ́ nà án ni.

Kò burú. Ọmọ tó ra ilé fún bàbá ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ díẹ̀. Àmọ́ kí n ròyìn ohun tí mo ti ṣe.

Mo lọ bá lánlọ́ọ̀dù. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibẹ̀, ṣe ló máa ń jókòó tí èmi á dúró. Lọ́tẹ̀ yìí mo fa àga, mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ara wọn. Mo ní, "Ẹgbẹ́ mi, mo ń kó lọ."

Ó ní, "Ta lẹgbẹ́ yín?"

Mo ní, "Onílé bíi tìẹ."

Ó wò mí bí ẹni tí ìbàdí ẹ̀ ti gun orí. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé káfíńtà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ti ń bẹ òun fún yàrá. Ìparí oṣù yìí ni mo máa kó jáde.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin, mo fún ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá ọlọ́mọ ni, ó sunkún bí ìkókó. Ibùsùn ti di ti Tíṣà. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi àlòkù ṣe nínú ilé tuntun. Àga ìyá ẹ nìkan ni mo pa mọ́, torí pálọ̀ wa.

Ọmọ mi, kọ̀wé. Kódà kó jẹ́ ìlà kan. Ìgbà tó o wà ní kékeré, tó o bá ti ṣe nǹkan tí kò dáa, ṣe lo máa ń dákẹ́ báyìí lábẹ́ tábìlì. Kí lo ṣe?

Bàbá ẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ń kọ èyí níbi ìfọṣọ, lórí ẹ̀rọ tó ń mì. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi yàrá sílẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ná.

Mo rí lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ nípa oòrùn. Mo ti gbé bírò láti dá yín lóhùn, mo tún gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Bàbá tí mò ń tọ́jú ní yàrá ìkángun béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

Bàbá, kì í ṣe ibi tí èmi àtẹ̀yin á jọ máa gbé. Àwọn àgbà míì wà níbẹ̀. Àpótí kan péré ni wọ́n ní kéèyàn mú wá, àti àwòrán kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú àánú, mo bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ fúnra mi. Tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹnì kan á gbọ́. Ohun tí mo kàn ń wá ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹnì kan gbọ́.

Ẹ lọ wò ó. Ohun tí mi ò lè kọ, ẹ ó rí i. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà sí yàrá yín, a ó jọ wá nǹkan míì ṣe. Ẹ ṣáà má fi yàrá sílẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Adúmáadán,

Mo kí ẹ. Mo tún kí ẹ. Ọjọ́ tí káfíńtà gbé ibùsùn ìyàwó ẹ̀ wọ yàrá mi ni lẹ́tà ẹ dé. Ọ̀kan wọlé, ọ̀kan jáde. Mo ka lẹ́tà náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí àga ìyá ẹ, tí káfíńtà ń ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra díẹ̀."

Nígbà tí mo ka "àwọn àgbà míì", ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ọmọ yìí gbọ́n: torí pé kò tíì lè wálé, ó ti fi àwọn ayálégbé sí àwọn yàrá tó kù. Ó sì wá àwọn àgbà, tí wọn ò ní pariwo. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Etí tí ń wá ìròyìn ayọ̀ kì í gbọ́ dáadáa.

Mo wọṣọ. Mo lọ.

Géètì ni mo kọ́kọ́ wò. Adúmáadán, jíjó géètì yẹn burú! Gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ rí gbágungbàgun bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ sọ fún mi ta ló jó o. Ó ní, "Bàbá, ta lẹ fẹ́ rí?" Mo ní, "Èmi gan-an ni wọ́n ń retí." Ó wo igi ọwọ́ mi, ó ní, "Mo rí i bẹ́ẹ̀," ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àwọn àgbà jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ òrùlé gígùn kan, wọ́n kọjú sí géètì, gbogbo wọn. Mo dúró níwájú wọn. Mo wúkọ́. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni onílé. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò wá lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń gbé jẹ́jẹ́, á máa gbé jẹ́jẹ́ títí Ọlọ́run á fi pè é."

Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé ìwọ lọmọ mi?" Mo ní rárá, mà, lánlọ́ọ̀dù ni mí. Ni bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ ẹrù rí bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ikọ́, títí wọ́n fi gbá a lẹ́yìn. Ó nu ojú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, lánlọ́ọ̀dù. Ẹ wá jókòó. Gbogbo wa pátá ni lánlọ́ọ̀dù níbí. Ọmọ tèmi náà sọ fún mi bẹ́ẹ̀."

Obìnrin kan tó wọṣọ funfun jáde sí mi. Ara ẹ̀ balẹ̀, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó mú mi wọ yàrá kan tí ibùsùn to sí bíi ti ọsibítù, ó fi ọ̀kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lóòótọ́, orúkọ mi wà níbẹ̀. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin orí ibùsùn. Mo ní, "Yàrá ọmọ mi ńkọ́?" Ó ní, "Àlejò kì í sùn níbí, Bàbá. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wá." Ó na aṣọ ibùsùn náà, ó ní, "Àwọn tó bá ń wá."

Ó kó ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò fún mi nínú ọ̀rá, ó ní kí n wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ tí mo bá ń kó bọ̀. Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mi ò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Bí mo ṣe dé, mo bá Tíṣà lórí àtẹ̀gùn. Mo kúkú yọ lẹ́tà ẹ àkọ́kọ́, mo ní kó kà á. Ó kà á, ó fi ìka sí ibì kan, ìka náà ò kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún mi pé *kan* wà lẹ́yìn ẹ̀."

Mo ní, "Kan wo?"

Ó ní, "Hóòmù *kan*. Bàbá, tí òyìnbó bá pe hóòmù lásán, ilé ẹni ni. Ṣùgbọ́n tó bá ní wọ́n fi èèyàn sí hóòmù *kan*..." Ó ń họ ọrùn. Ó ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó sí ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni, lílò ẹ̀ ló yàtọ̀.

Mo bínú sí i. Mo ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ kékeré bíi "kan" ò lè wó odindi ilé. Mo ní kó dá ibùsùn mi padà. Ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ó sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, torí kò sí yàrá tó máa gbé e sí fún mi.

Ọmọ mi, mi ò bá ẹ jà. Mo ti jókòó, mo rò ó. Ọmọ tó ń gbé bàbá ẹni ẹlẹ́ni dìde láràárọ̀, tí kò sí ẹni tó máa gbé bàbá tiẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Ohun tó dùn mí ni pé o ò sọ ọ́ ní Yorùbá. O ní o wá èyí tó máa rọ̀ létí. Ṣé èmi béèrè èyí tó rọ̀ ni? Irin ni mo fi gbogbo ayé mi jó. Ká ní o sọ èyí tó le fún mi ni, ǹ bá lù ú, ǹ bá tẹ̀ ẹ́, ǹ bá sì dúró sí yàrá mi.

Báyìí, ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ ni mò ń sùn, láàárín àwọn aṣọ tí àwọn oníbàárà rán tí wọn ò padà wá gbà. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sí ibi tó o sanwó fún. Màá tún géètì yẹn jó fún wọn, tí wọ́n bá yá mi ní ẹ̀rọ. Àwòrán kan ni o ní kí n mú. Ti ìyá ẹ ni mo mú. Tìẹ wà lọ́kàn mi.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ sọ kí n tó pa bírò dé. Lánàá, lẹ́yìn tí mo ti bá Tíṣà jà tán, mo ṣì ń ṣagídí. Mo mú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún mi lọ fún Ìyá Télọ̀. Mo ní apá ẹ̀ gùn, kó bá mi ká a sókè, torí onílé ò gbọdọ̀ máa fa apá aṣọ nílẹ̀ níwájú àwọn ayálégbé ẹ̀. Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì sódì bí àwọn aránṣọ ṣe máa ń ṣe, ó wo inú ọrùn ẹ̀, ó nà án sí mi. Wọ́n ti fi yíǹkì dúdú kọ nọ́ńbà síbẹ̀, gàdàgbà, bí ìwọ náà ṣe ń kọ ọ́ fún wọn lọ́hùn-ún. Ó gé òwú ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Wẹ́dà, onílé kì í ní nọ́ńbà lọ́rùn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ilé yẹn. Ilé yẹn ló ni yín."